Òkè tó dínà omi: ọwọ́ tí ilẹ̀ abẹ́ òkun ní nínú ìṣàn omi òkun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí ní Òmù-Àrán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 nípa bí omi òkun ṣe ń ṣàn káàkiri ayé. Mo sọ ọ́ bí ìwé ṣe kọ ọ́: afẹ́fẹ́ ló ń tì í, òtútù àti iyọ̀ ló ń rì í. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ sókè, ó ní, "Àǹtí, odò tiwa níbí, ibi tí ilẹ̀ bá là fún un ló ń gbà. Ilẹ̀ abẹ́ òkun ńkọ́?" Mo dá a lóhùn pé òkun ti jìn jù, pé omi tó wà lókè ò lè mọ bí ìsàlẹ̀ ṣe rí. Ó jókòó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé kò gbà. Àbí èmi ni mo ṣì í lọ́nà, sà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Àǹtí. Ọmọ yẹn ló jàre. Àmọ́ ẹ má tíì lọ bẹ̀ ẹ́ o, torí ohun tí ẹ̀yin náà sọ ní ibi tó ti jẹ́ òótọ́. A ó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "jìn" yìí ló máa ń tan wá. Òkun jìn lóòótọ́: tí a bá pín jíjìn gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ó tó bíi 3,700 mítà, ibi tó sì jìn jù, ní Mariana nínú òkun Pàsífíìkì, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,000 mítà. Ṣùgbọ́n ẹ fi fífẹ̀ rẹ̀ wò ó. Láti etíkun Èkó dé etíkun Bràsíl ju 4,000 kìlómítà lọ. Tí ẹ bá mú ewé ìwé kan tí ọmọ fi ń kọ iṣẹ́, tí ẹ ní kí gígùn rẹ̀ dúró fún ọ̀nà Èkó sí Bràsíl, jíjìn òkun náà kò ní ju ìnípọn ewé mẹ́ta tí a tò léra. Pẹlẹbẹ ni òkun! Àwọn òkè abẹ́ rẹ̀ sì ga gidi. Ọ̀wọ́ òkè kan wà tó la àárín àwọn òkun ayé kọjá, gígùn rẹ̀ tó bíi 65,000 kìlómítà, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló sì fi ju 2,000 mítà lọ ga ju ilẹ̀ abẹ́ omi tó yí i ká. Òkè Sóbì tí à ń fi yangàn ní Ìlọrin, ebè iṣu ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí òkè bá ga dé ìdajì omi, omi wo ni yóò sọ pé òun ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?

Kódà, omi ló kọ́kọ́ tú àṣírí àwọn òkè náà. Ní ọdún 1868, Charles Wyville Thomson àti William Carpenter wọ ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Lightning lọ wọn ìgbóná omi láàárín Scotland àti àwọn erékùṣù Faroe. Wọ́n rí ohun tó yà wọ́n lẹ́nu: ibi méjì tí kò jìnnà síra, jíjìn kan náà, ṣùgbọ́n omi ìhín tutù bíi yìnyín, ti ọ̀hún sì gbóná jù ú lọ dáadáa. Omi méjì kì í wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn báyẹn tí wọn ò ní dà pọ̀, àfi tí ògiri bá wà láàárín. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fura pé òkè kan ló dábùú ibẹ̀. Ní 1880 àti 1882, àwọn ọkọ̀ mìíràn lọ ju okùn síbẹ̀, wọ́n sì bá òkè náà lóòótọ́. Wọ́n fi Wyville Thomson sọ ọ́ lórúkọ dòní. Òǹwọ̀n ìgbóná rí òkè kí ojú ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sí ìtòsí ilé, torí àpẹẹrẹ tó wù mí jù lọ wà níwájú ilẹ̀ tiwa gan-an.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo bá ọkọ̀ ìwádìí kan lọ sí agbami níwájú ìhà ibí yìí, nínú omi tí wọ́n ń pè ní Gulf of Guinea. Oòrùn ọ̀sán mú débi pé irin ọkọ̀ kò ṣe é fọwọ́ kàn. A sọ ìgò ìgbomi kalẹ̀ pẹ̀lú wáyà, ó ń lọ, ó ń lọ, ó ju 4,000 mítà lọ kí a tó fà á padà. Wákàtí mélòó kan ló gbà wá. Nígbà tó gòkè, mo ṣí ẹnu rẹ̀, mo gba omi náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ìka ń ro mí! Omi ojú òkun tó yí ọkọ̀ wa ká tó bíi 28 dígírì, ti ìsàlẹ̀ tí a fà jáde kò ju bíi 2 sí 3 dígírì lọ. Mo dúró níbẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú mi, òtútù ń jẹ mí lọ́wọ́, mo wá bi ara mi léèrè ohun tí mo ti kà nínú ìwé fún ọdún púpọ̀ láì rò ó dénú: ta ló gbé òtútù wá síbí?

Láti Antarctica ni. Ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, nígbà tí ojú òkun bá dì, yìnyín kì í gbé iyọ̀ dání, ó máa ń tu ú sínú omi tó kù. Omi náà á wá tutù, á tún níyọ̀, á wúwo, á rì dé ilẹ̀, á sì máa wọ́ lọ sí àríwá lórí ilẹ̀ abẹ́ òkun bí òróró tó dà sílẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù fún un láti dé ọ̀dọ̀ wa ni kó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà gòkè: Gúúsù Áfíríkà, Nàmíbíà, Àǹgólà, kó wá yọ sí wa. Kò gba ibẹ̀. Kò lè gba ibẹ̀. Láti etíkun Nàmíbíà, òkè abẹ́ omi kan nà lọ sínú agbami títí dé ìtòsí òkè ńlá àárín Àtìláńtíìkì. Walvis ni wọ́n ń pè é. Omi tútù náà kún ìhà gúúsù òkè yìí, ó fẹ̀yìn tì í, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibì kankan yọ kọjá.

Ẹ wò ó báyìí. Láti Ìlọrin sí ọ̀dọ̀ yín ní Òmù-Àrán, ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo ni gbogbo wa ń gbà. Tí afárá kan bá já lójú ọ̀nà yẹn ńkọ́? Ẹ ó yà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó gba Òṣogbo, ẹ ó gba Ìlá-Ọ̀ràngún, ẹ ó wá ti ẹ̀yìnkùlé wọ ìlú yín. Ohun tí omi náà ṣe gan-an nìyẹn. Ó gba ìhà ìwọ̀-oòrùn Àtìláńtíìkì, níwájú Ajẹntínà, ó fún ara rẹ̀ gba ojú ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Vema, ó bọ́ sí agbada ńlá tó wà níwájú Bràsíl, ó ń gòkè bọ̀ títí ó fi dé ìtòsí ìlà agbedeméjì ayé. Òkè àárín Àtìláńtíìkì ṣì wà láàárín òun àti àwa. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, òkè náà ya. Kòtò kan là á kọjá láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, jíjìn rẹ̀ níbi tó jìn jù ju 7,700 mítà lọ. Romanche ni orúkọ rẹ̀, látara ọkọ̀ Faransé tó wọn jíjìn rẹ̀ ní 1883. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Omi Antarctica gba ibẹ̀ àti èkejì rẹ̀ kékeré tí ń jẹ́ Chain, bíi mílíọ̀nù kan lé díẹ̀ kúbíìkì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo odò ayé, Ọya, Náílì, Amazon, gbogbo wọn tí ẹ bá dà pọ̀, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí iye yẹn.

Ẹ kúkú mọ̀ pé ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà tóóró kọjá lọ́jọ́ ọjà kì í jáde bó ṣe wọlé. Omi náà ń rọ́ lu àpáta, ó ń dojú dé, ó ń pò mọ́ omi tó gbóná díẹ̀ lókè rẹ̀, débi pé nígbà tó bá fi yọ sí ìhà tiwa, òtútù rẹ̀ ti rọlẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé abẹ́ Gulf of Guinea, ó sì yí padà sí gúúsù lọ sí iwájú Àǹgólà, títí ó fi dé ìdí òkè Walvis láti ìhà àríwá. Ní òdìkejì òkè náà, àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n jọ kúrò nílé ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún kìlómítà lòun ti rìn.

Georg Wüst, ọmọ Jámánì, wà lára àwọn tó to ìtàn yìí pọ̀, látinú ohun tí ọkọ̀ Meteor wọ̀n nígbà tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí gúúsù Àtìláńtíìkì láàárín 1925 sí 1927. Nítorí náà, tí ọmọbìnrin yẹn bá tún béèrè, ẹ sọ fún un pé omi tó wà nísàlẹ̀ òkun Nàìjíríà gba ibi tí ilẹ̀ là fún un, gẹ́gẹ́ bí odò Ọ̀yún.

Ẹnì kan lè ní: ó dáa, omi tó wúwo ò lè fo ògiri, ìyẹn yé wa. Omi tó wà lókè tó fúyẹ́ ńkọ́? Kí ló ní kó máa yà fún òkè tí orí rẹ̀ ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Nítorí pé ayé ń yí ni. Ẹ̀yin Ìgbómìnà ò nílò kí n júwe egúngún Eléwe fún yín. Tó bá ń pòyì lójú agbo, tó na apá sí ọ̀tún àti òsì, eré rẹ̀ á rọlẹ̀. Tó bá fa apá mọ́ra, tó nà ró ṣánṣán, á yí débi pé ẹ ò ní mọ iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹ wá ka omi òkun sí òpó, láti ilẹ̀ títí dé ojú omi. Ilé ayé ń yí, òpó omi náà ń bá a yí, bí Eléwe. Nígbà tó bá dé orí òkè, ilẹ̀ gbé sókè lábẹ́ rẹ̀, ó kúrú, ó sì gbòòrò, bí ẹni tó na apá. Yíyí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dínkù, kò sì lè dínkù kí ọ̀nà rẹ̀ má yí padà. Nítorí náà, ohun tó rọrùn fún un jù ni kó wá ibi tí jíjìn kò ti yí padà, kó máa gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni màlúù àwọn Fúlàní ṣe ń rìn ní oko wa: wọn kì í gun òkè tààrà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ là.

G. I. Taylor fi èyí hàn ní gbangba ní 1923. Ó gbé agbada omi kan sórí ohun tó ń yí, ó fi nǹkan kékeré kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó rọra ń fa nǹkan náà lọ. Ó wá kán aró sínú omi. Omi tó wà lókè nǹkan náà gan-an, tí ohunkóhun ò fọwọ́ kàn, ń bá a lọ bí ẹni pé òpó líle ló wà níbẹ̀. Aró tó dé ibẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́, ó gba àyíká òpó tí kò sí náà kọjá. Mo ti fi ìdánwò yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láyé mi, ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì, ẹnì kan ní kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i torí ojú rẹ̀ ò gbà á gbọ́.

Nínú òkun gidi náà ẹ ó rí i. Gulf Stream, ìṣàn ńlá tó ń gba etíkun Amẹ́ríkà lọ sí àríwá, máa ń pàdé òkìtì kan lábẹ́ omi níwájú South Carolina, tí wọ́n ń pè ní Charleston Bump. Òkìtì náà kò yọrí rárá, ṣùgbọ́n ìṣàn náà ń yà fún un, ó ń kó síta kúrò létí ilẹ̀ kó tó padà wá.

Ibi tí ẹ̀yin ti jàre nìyí o, Àǹtí. Agbára tí yíyí ayé ní lórí omi kò dọ́gba níbi gbogbo. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ó kéré gan-an. Bákan náà, níbi tí omi gbígbóná tó fúyẹ́ bá ti bo omi tútù bí ìdérí, bó ṣe rí níwájú ilẹ̀ wa, òpó tí mo sọ yẹn kì í dúró ṣinṣin dé òkè. Ó ń ṣẹ́ láàárín. Ìṣàn ojú omi tó ń gba etíkun Gánà àti Nàìjíríà kọjá sí ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ àti etí ilẹ̀ ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ju kòtò Romanche lọ. Ṣùgbọ́n ní ìhà òpin ayé méjèèjì, omi òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra ní ìwúwo, yíyí ayé sì lágbára níbẹ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀, òkè á gbọ́.

Àwọn ọmọ yín lè ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi tó tóbi jù láyé wà lábẹ́ òkun, láàárín Greenland àti Iceland. Òótọ́ wà níbẹ̀. Òkè kan dábùú ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù wà ní bíi 600 mítà lábẹ́ omi. Omi tútù láti àríwá ń kún ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń dà kọjá, bíi mílíọ̀nù 3 kúbíìkì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi ju 3,000 mítà lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn orúkọ "ọ̀ṣọ̀rọ̀" yẹn. Ẹni tó bá ti dúró nídìí ọ̀ṣọ̀rọ̀ Òwu rí, tí ó ti gbọ́ ariwo omi tó ń já láti orí àpáta, tí ìrì rẹ̀ sì ti rin aṣọ rẹ̀, ohun tó máa rò nìyẹn. Eléyìí kì í já. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ tó gùn ju 100 kìlómítà lọ ló ń bá sọ̀ kalẹ̀, láì pariwo, yíyí ayé sì ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ kó lè máa fi ara rọ́ òkè lọ. Títóbi rẹ̀ ló yẹ kí ẹ sọ. Tí ẹnu yẹn bá ga ju bó ṣe wà lọ, omi tútù tó ń kún ìsàlẹ̀ àríwá Àtìláńtíìkì yóò dínkù, bẹ́ẹ̀ òun wà lára ohun tó ń jẹ́ kí omi gbígbóná máa gòkè lọ rọ́pò rẹ̀ sí ìhà Yúróòpù.

Ẹ bá mi padà sí Ìlọrin díẹ̀. Nígbà tí òjò oṣù kẹsàn-án bá kún odò Asà, ẹ dúró lórí afárá, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Níwájú ẹsẹ̀ náà, níbi tí omi ti ń kọlù ú, omi ga sókè díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, omi rẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ gíga yẹn ló ń ti ẹsẹ̀ afárá, ẹsẹ̀ afárá náà sì ń ti omi padà. Mo máa ń dúró wò ó ju bó ṣe yẹ àgbàlagbà lọ, àwọn ọlọ́kadà á máa wò mí bóyá mo fẹ́ bẹ́ sómi. Ohun tí mò ń wò ni ìṣàn tó tóbi jù láyé.

Ní àyíká Antarctica, ìṣàn kan wà tí kò sí ilẹ̀ kankan tó dábùú ọ̀nà rẹ̀. Ó ń yí ayé po láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, omi tó ń gbé ju 130 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ju gbogbo odò ayé lọ ní ìlọ́po 100. Afẹ́fẹ́ líle ń fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn tọ̀sán-tòru. Ohun tí a bá ń tì láì dáwọ́ dúró, tí nǹkan kan ò dá a dúró, ṣe ló yẹ kó máa sáré sí i. Kí ló ń di ìjánu rẹ̀? Àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rò pé ìfarakanra omi pẹ̀lú ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣírò ẹ̀, kò tó rárá. Ní 1951, Walter Munk àti Erik Palmén dáhùn bí ẹni tó wo ẹsẹ̀ afárá Asà: òkè abẹ́ omi ni. Omi ń tẹ iwájú òkè Kerguelen, àti àwọn òkè tó yí Drake Passage ká (ọ̀nà omi tó wà láàárín Gúúsù Amẹ́ríkà àti Antarctica), ju bó ṣe ń tẹ ẹ̀yìn wọn lọ, àpapọ̀ ìtẹ̀ yẹn ni ìjánu náà. Ohun tí afẹ́fẹ́ fi fún omi lójú òkun, àwọn òkè ló ń gbà á sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹ rántí èsì tí ẹ fún ọmọ yẹn: omi òkè ò mọ ìsàlẹ̀. Níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń pinnu bí omi tó wà lókè ṣe lè sáré tó.

Iṣẹ́ kan ló kù, òun ló pẹ́ jù kó tó yé àwọn onímọ̀. Omi tó rì gbọ́dọ̀ gòkè padà. Ẹ wo ìkòkò ògì tó ti sùn mọ́jú: ògì nísàlẹ̀, omidùn lókè. Kò sí bí wọ́n ṣe lè dà pọ̀ fúnra wọn, àfi kí ọwọ́ tàbí orógùn wọ inú rẹ̀. Nínú òkun, omi tútù tuntun ń wọlé sísàlẹ̀ lójoojúmọ́. Tí kò bá sí orógùn, òtútù á kún un dé ìtòsí ojú omi. Afẹ́fẹ́ ń ṣe apá kan. Òṣùpá ń ṣe apá kejì, ìyẹn ni kì í wá sí ènìyàn lọ́kàn. Ìgbà tí òṣùpá bá fa òkun tí ó ń kún tí ó ń fà, kì í ṣe etíkun nìkan ló ń mì. Gbogbo omi, láti òkè dé ilẹ̀, ló ń lọ tó ń bọ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń yọ̀ lọ. Níbi tó bá rí gbágungbàgun, ó ń ru ìgbì sókè nínú omi fúnra rẹ̀, ìgbì tó lè ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lókè ò ní mọ̀. Ìgbì náà á fọ́, ògì á pò mọ́ omidùn. Gary Egbert àti Richard Ray lo sátẹ́láìtì ní 2000 láti fi hàn pé ìdámẹ́rin sí ìdámẹ́ta agbára tí òṣùpá ń dà sínú òkun báyìí ló ń tán sí agbami jíjìn, níbi tí òkè pọ̀ sí.

Àwọn kan tiẹ̀ lọ wò ó ní agbada Bràsíl tí mo dárúkọ níṣàájú, láàárín ọdún 1990 sí 2000. Wọ́n tú ohun kan tó ṣe é tọpa sínú omi jíjìn, wọ́n sì wọn bí ó ṣe ń tàn. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ilẹ̀ tẹ́, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ má pò rárá. Ní ìhà òkè àárín Àtìláńtíìkì, níbi tó ṣe gbágungbàgun, ó ń pò ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Ní 2021, àwọn mìíràn tún tú aró sí àfonífojì abẹ́ omi kan níwájú Ireland, wọ́n rí i tí aró náà ń bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gòkè, bíi 100 mítà lójúmọ́. Lẹ́nu ìwọ̀nba ọdún tó kọjá, ẹ̀rí ń pọ̀ sí i pé ara ògiri òkè gan-an ni omi tútù ti ń rí àtẹ̀gùn gòkè.

Ẹ lè béèrè pé báwo la ṣe wá mọ bí ilẹ̀ yìí ṣe rí. Láyé ọjọ́un, okùn àti òjé ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ké sí ilẹ̀, kí wọ́n sì ka ìgbà tí ohùn gbà kó tó padà. Marie Tharp, obìnrin tí wọn kì í jẹ́ kó wọ ọkọ̀ ìwádìí fún ọdún púpọ̀ nítorí pé obìnrin ni, jókòó sí ọ́fíìsì, ó fi ìwọ̀n tí àwọn ọkùnrin kó wálé ya ilẹ̀ abẹ́ òkun. Òun àti Bruce Heezen ló gbé máàpù gbogbo òkun ayé jáde ní 1977. Ẹ sọ èyí fún ọmọbìnrin yẹn. Sátẹ́láìtì náà ń ṣèrànwọ́, torí òkè abẹ́ omi ń fa omi mọ́ra, ojú òkun á sì wú díẹ̀ lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti fi ohùn wọ̀n dáadáa kò tíì ju bíi ìdámẹ́rin ilẹ̀ abẹ́ òkun lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kíláàsì kan lé e, torí mo mọ̀ pé SS2 ò ní jókòó gbọ́ gbogbo èyí. Ẹ wá ike fífẹ̀ kan tó mọ́ gaara, kí ojú lè rí inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi amọ̀ ṣe ògiri kan tó dábùú àárín rẹ̀, kó ga dé ìdajì, kí ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró kan sí i níbì kan. Ẹ rọra da omi lásán sí i títí yóò fi bo ògiri náà dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Ẹ wá po iyọ̀ púpọ̀ sínú omi tó ti wà pẹ̀lú yìnyín, kí ẹ fi sóbò pa á láró. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kan ike náà rọra dà á sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń da òróró. Wọn ó rí i tí pupa náà ń wọ́ nílẹ̀, tó ń kóra jọ sẹ́yìn ògiri, tó sì ń gba ojú ọ̀nà yẹn nìkan yọ sí òdìkejì. Ẹ fi amọ̀ dí ojú ọ̀nà náà, kí ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ike yìí ò ní fi yíyí ayé hàn wọ́n, ìyẹn nílò tábìlì tó ń yí, ṣùgbọ́n Walvis àti Romanche á wà níwájú wọn. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn fúnra rẹ̀ gbẹ́ ojú ọ̀nà mìíràn síbi tó bá wù ú, kí àwọn yòókù sọ ibi tí pupa náà máa yọ sí kí ó tó dà á.